Fídíò Ò Ṣí Lórí Ẹ̀rọ Yín? Ẹ Tú Ewé Wò Kí Ẹ Tó Yí I Padà

Ẹ fi fláàṣì sára ẹ̀rọ, ẹ tẹ orúkọ fídíò tí ẹ fẹ́ wò, ẹ̀rọ ní òun ò lè ṣí i. Nígbà mìíràn àwòrán á jáde, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ ohùn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohùn á máa lọ geere, ojú ẹ̀rọ á dúdú bí ìdí ìkòkò. Bẹ́ẹ̀, fídíò yìí kan náà lẹ wò lórí fóònù ọmọ yín láàárọ̀. Ṣé fídíò ló bàjẹ́ ni, àbí ẹ̀rọ?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn ni. Ọ̀nà láti mú wọn gbọ́ èdè ara wọn wà: òun ni yíyí fídíò padà, tí àwọn ọmọ tó ń fi fíìmù sí mẹ́mórì káàdì ń pè ní "kọ̀nfáàtì". Iṣẹ́ náà ò le, ṣùgbọ́n ó léwu fún ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe. Ìdílé kan á yí fídíò ìsìnkú bàbá wọn padà kó lè wọ ẹ̀rọ kékeré kan, wọ́n á sì pa èyí àkọ́kọ́ rẹ́ kí àyè lè wà lórí káàdì. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n á ra tẹlifíṣọ̀n ńlá, wọ́n á fi fídíò náà sí i, wọ́n á rí i pé ojú bàbá ti di igun mẹ́rin-mẹ́rin bí ògiri bíríkì. Èyí tó hàn kedere ti lọ, kò sì sí ibi tí wọ́n ti lè lọ wá a.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, nítorí irú èyí la ṣe kọ àlàyé yìí. A fẹ́ kí ẹ mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ yí fídíò padà, ìgbà tí kò yẹ, àti ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ pa rẹ́.

Ewé kan náà, oúnjẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ wo ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lórí àtẹ. Ewé kan náà ni wọ́n lè fi pọ́n àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá wo ewé nìkan ò lè búra pé ohun báyìí ló wà nínú rẹ̀, àfi tó bá tú u. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fáìlì fídíò. Lẹ́tà mẹ́ta tó máa ń wà ní ìparí orúkọ rẹ̀, AVI, MP4, MKV, 3GP, ewé ni gbogbo wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti kó àwòrán àti ohùn pọ̀ sójú kan, kí ètè ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè bá ohùn rẹ̀ mu. Ọdún 1992 ni Microsoft gbé AVI jáde. Ara ewé tí Apple ń lò fún QuickTime ni MP4 ti jáde, 3GP sì ni àbúrò MP4 tí wọ́n ṣe fún àwọn fóònù kéékèèké ayé àtijọ́. Ní ti MKV, ọdún 2002 ló bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló ni ín, ó sì fẹ́ràn ẹrù púpọ̀: fíìmù kan lè gbé ohùn èdè mẹ́ta àti ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán ní èdè márùn-ún sínú MKV kan ṣoṣo.

Oúnjẹ inú ewé wá ni ọ̀nà tí wọ́n gbà fún àwòrán àti ohùn náà pọ̀. Codec ni wọ́n ń pè é. Àwòrán ní tirẹ̀, ohùn ní tirẹ̀. Àwọn tí ẹ lè bá pàdé nídìí àwòrán ni MPEG-1 tó wà nínú VCD, MPEG-2 tó wà nínú DVD, Xvid, H.264 tó jáde lọ́dún 2003, àti H.265 tó jáde lọ́dún 2013, tí wọ́n tún ń pè ní HEVC. Nídìí ohùn, ẹ ó rí MP3, AAC àti AC3.

Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ ọ́ sára páálí ẹ̀rọ kan pé ó ń ṣí MP4, ewé ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀rọ náà lè tú ewé, kó wá bá oúnjẹ tí kò jẹ rí nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ohùn tí kò ní àwòrán ti ń wá, ibẹ̀ náà ni àwòrán tó ya odi ti ń wá.

Àwọn kan wà tí wọ́n á kàn yí orúkọ fáìlì padà, wọ́n á pa AVI rẹ́ níparí rẹ̀, wọ́n á kọ MP4 síbẹ̀. Ẹ ò tíì yí nǹkan kan padà o. Ẹni tó kọ "ẹ̀kọ" sára ewé mọ́ínmọ́ín, mọ́ínmọ́ín náà ló máa jẹ.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń fún un pọ̀?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Àwòrán fídíò tó mọ́ dáadáa lóde òní ní ẹyọ àwọ̀ kéékèèké 1,920 láti ọ̀tún sí òsì, àti 1,080 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n tò sára aṣọ. Gbogbo wọn jẹ́ 2,073,600. Bí ẹyọ kan bá gba báìtì 3, àwòrán kan ṣoṣo ti jẹ mẹ́gábáìtì 6 lé díẹ̀. Àwòrán 25 ló sì ń kọjá lójú wa láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí jẹ́ mẹ́gábáìtì 155 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, gígábáìtì 9 lé díẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ìgbéyàwó tí wọ́n fi wákàtí mẹ́ta yà á jẹ nǹkan bíi gígábáìtì 1,680, a ò sì tíì ka ohùn mọ́ ọn. Ta ló ní àyè yẹn lórí fóònù?

Ìdí nìyẹn tí codec fi wà. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kì í tọ́jú gbogbo àwòrán lódindi. Á mú àwòrán kan, á pa á mọ́ tán pátá. Àwòrán tó tẹ̀lé e, ohun tó bá yàtọ̀ sí ti ìṣáájú nìkan ni á kọ sílẹ̀. Oníròyìn tó jókòó sídìí tábìlì, ẹnu àti ojú rẹ̀ nìkan ló ń mira. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ò lọ síbì kankan, codec ò sì ní láti tún un kọ. Irú fídíò yẹn fúyẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé kámẹ́rà lọ sí òde ìnáwó. Owó ń fò lórí olóòtú ọjọ́, léèsì olókùúta ń dán, gèlè ń yí, iná aláràbarà ń ṣẹ́jú, onílù ń ju ọ̀pá. Kò sí igun kan tí kò yí padà láàárín ìdá kan nínú ìdá 25 ìṣẹ́jú-àáyá. Codec á fẹ́ kọ gbogbo ẹ̀, àyè tí wọ́n fún un ò sì tó, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi igun mẹ́rin-mẹ́rin dí ojú ènìyàn. Ẹ máa kíyè sí i pé ibi tí wọ́n ti ń náwó gan-an ni fídíò máa ń fọ́ jù. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ ẹ̀bi onífídíò. Ẹni tó yí i padà ló fún un ní àyè tó tó oníròyìn, tí kò tó alárìíyá.

Ohun mìíràn tó yẹ ká mọ̀ nípa ìfúnpọ̀ yìí ni pé ó dà bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin tí wọ́n sì fún lábẹ́ òkúta. Omi tó bá ti jáde, ó ti jáde. Ẹ lè da omi mìíràn sí gàrí, kò lè padà di ẹ̀gẹ́ tútù. Nígbàkigbà tí ẹ bá mú fídíò tí wọ́n ti fún pọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹ tún un fún sínú codec mìíràn, omi tún jáde nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ mú èyí tí ẹ yí padà, ẹ tún un yí padà lẹ́ẹ̀kẹta, bàìbàì rẹ̀ á máa pọ̀ sí i. Sọ́fúwíà ìgbàlódé wà tó ń ṣe bí ẹni pé òun dá ohun tó sọnù padà. Àbá ló ń dá o. Ojú tó bá yà sí ibi tó ti bàjẹ́ lè mọ́ tónítóní, kó má sì jẹ́ ojú bàbá yín.

MP4 tí kò mọ MP4

Nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìwòran alágbèéká, ibi tí wọ́n ti tan àwọn ènìyàn jẹ jù ni orúkọ. MP3 kì í ṣe nọ́ńbà ìkẹta nínú ohunkóhun. Ìgékúrú ni fún ìpele kẹta ètò ohùn inú MPEG-1. Ṣùgbọ́n nígbà tí MP3 gbajúmọ̀ tán, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kéékèèké ní Ṣáínà rí i pé nọ́ńbà tó bá ga ló ń tà. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ní ojú kékeré, wọ́n kọ "MP4" sí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yẹn ò lè ṣí fáìlì MP4 rárá! Ohun tí wọ́n ń jẹ ni ewé kan tí wọ́n ń pè ní AMV, tí àwòrán inú rẹ̀ lè má ju ẹyọ 160 ní fífẹ̀ àti 120 ní gíga. Ẹ̀rọ náà máa ń bá síídì kékeré wá nínú páálí, sọ́fúwíà tó ń yí fídíò sí AMV ló wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá sọ síídì yẹn nù ti sọ ẹ̀rọ ìwòran di ẹ̀rọ orin lásán. Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé AMV kì í lo ọgbọ́n tí a sọ lẹ́ẹ̀kan nípa kíkọ ohun tó yàtọ̀ nìkan. Odindi odindi ló ń kó àwòrán, bíi fọ́tò tí wọ́n tò léra. Àyè tó ń jẹ pọ̀, àwòrán rẹ̀ ò sì dára.

Lẹ́yìn ìyẹn ni "MP5" jáde, tó wà lára rédíò ọkọ̀ títí di òní. Kò sí ètò fídíò kankan tó ń jẹ́ MP5. Orúkọ ọjà ni. Ti EVD tí wọ́n ń kọ sára àwọn ẹ̀rọ DVD alágbèéká tó ní ojú tó ń ṣí bí ìwé, tí àwọn bàbá àti ìyá wa fẹ́ràn gan-an, yàtọ̀ díẹ̀. EVD wà ní tòótọ́. Ètò tí Ṣáínà gbé kalẹ̀ lọ́dún 2003 láti fi dípò DVD ni, kò sì gbilẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló ṣẹ́kù sára páálí.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà ní tiwọn. Nígbà tí Apple gbé iPod tó ń ṣí fídíò jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, ojú rẹ̀ jẹ́ ẹyọ 320 ní fífẹ̀ àti 240 ní gíga. Ó ń jẹ H.264, ṣùgbọ́n ẹ gbé AVI fún un, kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. PSP tí Sony kọ́kọ́ tà ní Japan ní ìparí ọdún 2004 ní ojú tó gbòòrò jù bẹ́ẹ̀, 480 sí 272. Fídíò kan náà, ẹ̀rọ méjì, ìyípadà méjì. Láti ìgbà yẹn ni òwò àwọn tó ń báni yí fídíò padà ti ń lọ déédéé.

Kí ni ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yín ń jẹ?

Ẹ̀rọ DVD alágbèéká, tàbí rédíò ọkọ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀, MPEG-1 àti MPEG-2 ni oúnjẹ rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń jẹ Xvid tí wọ́n pọ́n sínú AVI pẹ̀lú ohùn MP3. Ẹ má fún un ní àwòrán tó ju 720 ní fífẹ̀ àti 576 ní gíga lọ. H.264 kì í sábà bá a lára mu, kódà tí wọ́n bá kọ MP4 sára páálí rẹ̀. Fóònù oníbọ́tìnnì kékeré tó ní káàdì fẹ́ 3GP tàbí MP4 tí kò ju 320 sí 240. Fóònù alágbára àti tẹlifíṣọ̀n tó ní ojú fláàṣì, tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, á jẹ MP4 tó ní H.264 àti ohùn AAC láìsí wàhálà. Bí ẹ ò bá mọ èyí tí ẹ ó yàn, èyí ni kí ẹ yàn.

HEVC ló ń dá ìjà sílẹ̀ lóde òní. Ó dára, nítorí ó lè gba nǹkan bí ìdajì àyè tí H.264 ń gbà fún àwòrán kan náà. Láti ọdún 2017, tí iOS 11 jáde, ni àwọn iPhone tuntun ti ń fi í ya fídíò fúnra wọn, àwọn Android kan náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá gbé e lọ sórí tẹlifíṣọ̀n tó ti pẹ́, ojú rẹ̀ á dúdú. Ẹni tó ń lo iPhone lè lọ sí Settings, kó wọ Camera, kó wọ Formats, kó yan Most Compatible kó tó jáde lọ ya ayẹyẹ. Ìyẹn sàn ju kéèyàn máa yí i padà lẹ́yìn náà.

Títú ewé wò

Kí ẹ tó yí nǹkan kan padà, ẹ wo ohun tó wà nínú fáìlì. VLC ni ẹ lè fi wò ó lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ École Centrale ní Paris ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1996, codec tirẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣí ohun tí àwọn mìíràn kọ̀. Ẹ fi í ṣí fídíò náà, ẹ di Ctrl mú, ẹ tẹ J. Á sọ codec àwòrán, codec ohùn, àti ìwọ̀n rẹ̀ fún yín.

Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ló máa sọ irú iṣẹ́ tó kàn. Bí ó bá jẹ́ H.264 àti AAC ló wà nínú MKV, tí tẹlifíṣọ̀n yín ò sì gba MKV, oúnjẹ ò ní ẹ̀sùn, ewé ni kí ẹ pààrọ̀. FFmpeg, sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ tí Fabrice Bellard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2000, lè ṣe é pẹ̀lú ìlà kan:

ffmpeg -i ariya.mkv -c copy ariya.mp4

Ọ̀rọ̀ "copy" yẹn ni agbára rẹ̀. Ó ń sọ fún un pé kó má fún nǹkan kan, kó kàn kó o látinú ewé kan sínú èkejì. Fíìmù wákàtí méjì lè parí láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹyọ àwọ̀ kan ò sì ní sọnù. Ó dun èèyàn pé ọ̀pọ̀ fídíò tí wọ́n ń fi wákàtí mẹ́ta yí padà lọ́jà, pààrọ̀ ewé lásán ni wọn ì bá fi ṣe é.

Bí ó bá jẹ́ pé àwòrán ń jáde tí ohùn ò sí, ẹ wo codec ohùn. Bí ẹ bá rí AC3, tó wọ́pọ̀ nínú DVD, tàbí DTS, ẹ ti mú olè. Ọ̀pọ̀ fóònù àti áàpù ò gbà wọ́n wọlé. Ohùn nìkan ni kí ẹ yí padà, ẹ fi àwòrán sílẹ̀:

ffmpeg -i ariya.mkv -c:v copy -c:a aac ariya.mp4

Ìgbà tí ẹ̀rọ ò bá mọ codec àwòrán gan-an nìkan ló tó di pé kí ẹ fún un lọ́tun. HandBrake ló rọrùn jù fún èyí. Ọ̀fẹ́ ni òun náà, Windows, Mac àti Linux ló wà fún. Ẹ ju fáìlì sínú rẹ̀, ẹ yan ètò tó ti wà nílẹ̀ tó ń jẹ́ Fast 480p30 fún ẹ̀rọ ojú kékeré, ẹ tẹ Start. Ibì kan wà tí wọ́n kọ RF sí. Nọ́ńbà rẹ̀ ń dọ́gbọ́n tan èèyàn: bó bá ṣe ń wálẹ̀ ni àwòrán ń dára sí i tí fáìlì sì ń tóbi sí i. 20 dára fún nǹkan ojoojúmọ́. Fún òde ìnáwó tí owó ti ń fò, ẹ gbé e wá sí 18. HandBrake ò ṣe AVI mọ́ o. Ẹni tó ń yí fídíò fún ẹ̀rọ DVD Màmá á padà sọ́dọ̀ FFmpeg:

ffmpeg -i ariya.mp4 -vf scale=640:-2 -c:v mpeg4 -vtag xvid -q:v 4 -c:a libmp3lame -b:a 128k ariya.avi

Bí èyí bá dà bí ọfọ̀ létí yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ gbé e fún ọmọ tó ń bá yín ṣe kọ̀ǹpútà, ó máa yé e. Kó kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú méjì péré dán an wò, kẹ́ ẹ gbé e dé ìdí ẹ̀rọ náà gan-an kẹ́ ẹ wò ó, kó tó máa yí odindi wákàtí mẹ́rin.

Àwòrán kékeré ò ṣeé fà. VCD fíìmù Yorùbá tó wà nílé yín, 352 sí 288 ni àwòrán rẹ̀. Ẹni tó bá yí i sí 1,920 sí 1,080 fi àyè ṣòfò ni, bí ẹni tó da igbá omi kan sínú gàlọ́ọ̀nù, tó ní omi òun ti pọ̀ sí i. Ẹ wo fífẹ̀ àti gíga dáadáa pẹ̀lú, nítorí bí wọ́n bá fi àwòrán ayé àtijọ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 4 sí 3 kún ojú ẹ̀rọ 16 sí 9, gbogbo ènìyàn á sanra lójijì. Bí ẹ bá sì rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bí eyín òòyà létí ẹni tó ń jó, ẹ ní kí wọ́n tan Deinterlace nínú HandBrake. Kámẹ́rà kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló ń ya fídíò báyẹn.

Àyè tí fídíò máa jẹ, ẹ lè ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ká ní ẹ fún àwòrán ní kílóbíìtì 1,000 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ fún ohùn ní 128. Ẹ pín 1,128 sí ọ̀nà 8, ó di kílóbáìtì 141. Wákàtí kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 3,600, torí náà ó máa jẹ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 508. Káàdì gígábáìtì 8 á gba wákàtí 15. Ẹ rántí pé káàdì tí wọ́n fi FAT32 tò, èyí tí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ mọ̀, kì í gba fáìlì kan tó tó gígábáìtì 4. Bí fídíò yín bá kọ̀ láti wọlé nígbà tí àyè ṣì wà, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ní ti àwọn ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tó ní àwọn á bá yín yí fídíò padà lọ́fẹ̀ẹ́, dátà yín máa lọ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí ẹ bá ń gbé e lọ àti nígbà tí ẹ bá ń gbà á padà. Fídíò ìyàwó àti ọmọ yín á sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí. A ò ní gba èèyàn wa nímọ̀ràn rẹ̀. WhatsApp náà ń fún fídíò pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó dé bó ṣe wà, kó fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document, kò níí fọwọ́ kàn án, bí kò bá ti ju gígábáìtì 2 lọ.

Èyí tó ti wà lórí síídì

Àwo tí onífídíò fi ẹ̀rọ jó kì í ṣe ohun àìlópin. Àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló gbé fídíò dání, oòrùn àti ooru sì ń jẹ ẹ́. Bí fídíò ìgbéyàwó yín bá wà lórí DVD, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí fódà kan tó ń jẹ́ VIDEO_TS, pẹ̀lú àwọn fáìlì VOB nínú rẹ̀ tí kò sí èyí tó ju gígábáìtì 1. Ẹ kó odindi fódà náà bó ṣe wà sórí háàdì dísìkì, ká tó máa sọ̀rọ̀ yíyí padà. VCD ní tirẹ̀ ń jẹ́ MPEGAV, fáìlì rẹ̀ sì ń parí sí DAT. VLC á ṣí i. Èyí ni ojúlówó yín. Ẹ̀dà tí ẹ bá yí padà fún ẹ̀rọ kékeré, ẹ lè pa á rẹ́ nígbàkigbà, nítorí ẹ lè ṣe òmíràn lọ́la. (Fídíò tiyín là ń sọ o, fíìmù olófìíìmù tí wọ́n ń dà sí káàdì lójú títì, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.)

Ẹni tí ìnáwó rẹ̀ ṣì ń bọ̀, kó bá onífídíò sọ ọ́ kó tó sanwó ìdákọ̀ọ́kan. Kó ní òun ò fẹ́ DVD nìkan. Kó ní kí wọ́n fún òun ní fáìlì MP4 tí wọ́n gbé jáde tààrà láti ibi tí wọ́n ti gé fídíò náà, H.264 fún àwòrán, AAC fún ohùn, ní ìwọ̀n tí kámẹ́rà fi yà á, lórí fláàṣì tàbí háàdì dísìkì. DVD ò gbà ju 720 sí 576 lọ, bí kámẹ́rà wọn ti wù kó dára tó. Bí wọ́n bá gbà, kó ní kí wọ́n fi fáìlì inú kámẹ́rà tí wọn ò tíì gé náà kún un. Ó lè tó gígábáìtì ọgọ́rùn-ún, kó sì pa ohun tó máa gbà á lára dà, ṣùgbọ́n lọ́dún tí wọ́n bá ń wá ojú ìyá àgbà tó jókòó sẹ́yìn, tí onífídíò gé kúrò nítorí pé ó ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí i.